Sìgá Mi, Ikọ́ Ọmọ Mi

                                        Ilé Alátùn-únṣe Aago,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí oorun sùn? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́, àbí ọjọ́ orí ti ń dé ni? Má bínú o, ẹgbẹ́ ni wá, ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ara tèmi le, ìyàwó mi náà ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wúwo lẹ́nu mi. O rántí pé nígbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ aago, ọ̀gá wa kọ́ wa pé a kì í ṣí fèrèsé tí a bá tú aago sílẹ̀ lórí tábìlì, kí eruku má baà kó sí i, kí atẹ́gùn má sì gbé nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ inú aago lọ. Ibẹ̀ náà la ti jọ kọ́ sìgá. Inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí: fèrèsé títì, fáànù pípa, sìgá lẹ́nu. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, a sì máa jókòó tì mí ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀.

Nígbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, èémí rẹ̀ á máa súfèé. Àmọ́ tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá mi, ikọ́ á lọ. Tó bá padà délé, ikọ́ á dé. Mo ní, “Ẹ wo ọmọ yìí! Ilé ìwé ló ń sá fún, ìyá mi ti kẹ́ ẹ bà jẹ́.” Gbogbo ìgbà tó bá ti wúkọ́ ni mo ń jágbe mọ́ ọn. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Èmi tí mò ń fi ife bo aago oníaago nítorí eruku!

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, èémí rẹ̀ ò já gaara mọ́, ètè rẹ̀ ṣú. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì bi wá pé ta ló ń mu sìgá nínú ilé. Ìyàwó mi wò mí. Mo ní èmi ni, àmọ́ n kì í fẹ́ ẹ sójú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, èéfín kì í bèèrè ẹni tó ra sìgá. Ẹ̀ ń mu ún, ọmọ yín ń bá yín mu ún.” Ó ní ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ náà, èéfín sìgá ló sì ń ta á jí. Ó ní àgbàlagbà tí kò mu sìgá rí pàápàá lè ti ibẹ̀ kó àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti pé ṣíṣí fèrèsé nìkan ò tó. Àṣé ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà!

Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́. Kò rọrùn o. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Tó o bá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, má mú páálí sìgá tó o máa ń fún mi dání. Má sì mu tìẹ nínú ilé níbi tí àwọn ìbejì wà. Wọn ò tíì lè fẹnu sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Tí ọ̀rọ̀ mi bá bí ọ nínú, bínú, àmọ́ ṣe é.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó o sì gbé àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Ikọ́ ọmọ mi ti dín kù púpọ̀. Àmọ́ lánàá, níbi tá a ti ń jẹun, ikọ́ gbé e. Ló bá sáré fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń wo ojú mi. Mo rọra yọ ọwọ́ náà kúrò, mo ní, “Wú u, ọmọ mi. Mi ò ní bínú mọ́.” Kò tíì gbà mí gbọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtọjọ́ pípẹ́,
Ìṣẹ́jú-Kan