Àwọn Alùpùpù Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Koko, ní ìhà Bantè

Hanane, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí o ń béèrè lọ́wọ́ mi fún ìyá rẹ kò sí lójú ọ̀nà. Kò sì fìgbà kan wà lójú ọ̀nà. Èmi bàbá rẹ ni mo parọ́ fún ọ pé ìjọba kò tíì fi ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, mo kí ọ, mo kí Ìyá Ismath ọ̀gá rẹ tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ aránṣọ ní Savalou. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín dá ṣáṣá, pé ojú kò ro ọ́ nídìí abẹ́rẹ́.

Ìyá rẹ kò gbádùn. Mo ní kí àbúrò rẹ máa sọ fún ọ pé ó ti sàn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì Nadège ní ilé ìwòsàn wa sọ pé kókó kan ń dàgbà nínú ilé-ọmọ rẹ̀, òun ló ń da ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá mọ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ ọ́, Savalou sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ ti funfun bí ẹfun. Tó bá dìde, ògiri ló ń dì mú. Tó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kí n lè gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí.

O rántí ìgbà tí ẹbí Alhaji Oumar, àwọn ará Nàìjíríà tó ń ta epo ní Savalou, fẹ́ wá wo ilé wa nítorí Uthman ọmọ wọn tó fẹ́ fẹ́ ọ. Mo wo àgbàlá wa: ewúrẹ́ kan, odó, ògiri tó ti là. Ojú tì mí fún ọ. Mo lọ bẹ Idrissou ọ̀rẹ́ mi pé kó yá mi ní àwọn alùpùpù tí wọ́n gbé wá fún un láti tún ṣe, kí n tò wọ́n síta. Ó rẹ́rìn-ín títí: "Moucharafou, ìwọ tí bàtà rẹ kò dọ́gba! Ó dáa, kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o fi pupa yẹn gbé òun jáde o, kò ní ẹ́ńjìnì nínú."

Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn tó ń wá àwọn aláìní ìlú fún káàdì yà sí ilé wa. Àwọn àlejò ti jókòó, wọ́n ń mu omi. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀ wo àgbàlá, ó ní, "Bàbá, ta ló ni àwọn alùpùpù wọ̀nyí?" Ìyá Chimène tó ń mú wọn kiri ojúlé ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ òtítọ́; torí ti ìyá rẹ ló ṣe darí wọn wá sílé wa. Ìdáhùn kan yìí nìkan ló kù kí wọ́n kọ orúkọ wa. Alhaji Oumar ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Èmi ni mo ni wọ́n. Ẹ wá tálákà lọ síwájú." Ìyá Chimène pàtẹ́wọ́: "Yéè! Moucharafou, o kú ọlà o!" Wọ́n sì kọjá lọ.

Ẹbí Uthman jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọn kò padà wá mọ́. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá Hanane, lọ́jọ́ tí ara mi bá kọ̀, ṣé alùpùpù Idrissou ni yóò tọ́jú mi?" Mo jágbe mọ́ ọn pé ó ń ṣépè fún ara rẹ̀.

Mo ti dé Bantè láti ṣàlàyé fún àwọn tó ń ṣe káàdì. Wọ́n ní kí n dúró de ìgbà tí wọn yóò tún kọ orúkọ, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà náà. Mo kàwé dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, síbẹ̀ n kò mọ ẹni tí mo lè tún bá sọ ọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tó bá gbà kí ayé wo ìhòòhò òun nìkan ni wọn yóò wò sàn? Lẹ́yìn náà n ó ní àwáwí ni mò ń ṣe. Bóyá méjèèjì ni, n kò mọ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Hanane. Ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, Alice ará Agoua, ṣì ń kó owó iṣẹ́ abẹ jọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti gbọ́ ni kò ti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Kí Ọlọ́run má fi ìyá rẹ san ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kó fún ọ ní ọkọ tí kò ní wo àgbàlá kó tó wo ìwọ. Kó dá gbogbo wa sí.

Èmi ni bàbá rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ pè mí bẹ́ẹ̀,
Moucharafou

Àfikún: Mo ti di lẹ́tà yìí tán kí ìyá rẹ tó ṣubú nídìí ìkòkò omi. Ojú rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n Nadège ní a kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́. Awakọ̀ tó ń lọ sí Savalou nírọ̀lẹ́ yìí ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Wá pàdé wa lọ́la lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù Savalou. Wọ́n ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tí àwọn aláìlówó máa ń lọ bá fún ìrànlọ́wọ́ owó ìtọ́jú. Bóyá yóò gbọ́, bóyá kò ní gbọ́. Lọ́la, n ó gbé ìyá rẹ dé iwájú rẹ̀, n ó sì sọ, lójú gbogbo àwọn tó bá tò sẹ́yìn mi, pé n kò ní nǹkan kan.