Ọjọ́ tí Ìdí Ọkọ̀ Wa Há Sórí Òkúta ní Audlem

                                        Ọkọ̀ Peewit,
                                        Létí odò, Audlem,
                                        Cheshire.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, ọdún 2022.

Averil, ọ̀rẹ́ mi, àbúrò ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti jẹ́ kó sinmi? Mo gbọ́ pé Imogen ti ṣe ìdánwò rẹ̀ tán; kí Ọlọ́run jẹ́ kó yege. Ẹ kú ooru o. Bó bá mú yín nínú ilé oníbíríkì, ẹ fojú inú wo àwa tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, tí òrùlé wa jẹ́ irin. Láàárọ̀ àná mo gbé ìkòkò ewébẹ̀ kan sórí ọkọ̀, nígbà tó fi di ọ̀sán, ewé rẹ̀ ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ara tèmi le. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ tó kán nígbà tó já bọ́ láti orí òrùlé ọkọ̀ ń jinná lọ. Wọ́n fi ẹfun líle dì í nílé ìwòsàn láti orókún dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọn ò rí dì.

Mo mọ̀ pé ó ti pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀; ta ni kò ní gbọ́? Ọkọ̀ tí èèyàn bá na apá méjèèjì nínú rẹ̀ tí ọwọ́ á kan ògiri méjèèjì, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí níbẹ̀. Ó ní kí o gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí o wá mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ rẹ ní Chester, kí wọ́n má sì padà sórí omi mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Abẹ́ igi létí odò ni mo jókòó sí, ìwé wà lórí itan mi, eṣinṣin ń bá mi jà. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó ṣáná sí mọ́tò rẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Wilf ti kán ni Bàbá ti ń tukọ̀ fún wa. Ta là bá fún? Èmi ò tukọ̀ rí ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìwọ náà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, kì í fi ọ̀pá ìtọ́kọ̀ lé èèyàn lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n orí omi ni wọ́n bí wọn sí, ẹsẹ̀ wọn kì í yẹ̀. Wọ́n á dúró ní ìdí ọkọ̀, èmi á máa rìn ní etí odò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ irin mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, láti ìlẹ̀kùn omi kan dé òmíràn. Ọ̀dá ti mú kí omi fà lọ́dún yìí. Ọkọ̀ tò lọ bí èrò ìdí ẹ̀rọ omi, inú sì ń bí gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a ti dé àárín àwọn ìlẹ̀kùn omi Audlem, àwọn tó tò wálẹ̀ láti orí òkè bí àtẹ̀gùn yẹn. Ó ti pẹ́ tí o ti fi omi sílẹ̀, jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọkọ̀ á wọ inú kòtò òkúta tí omi kún, a ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. A ó wá fi kọ́kọ́rọ́ irin náà yí fèrèsé omi méjì sókè, tó wà lára ìlẹ̀kùn iwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Omi á máa tú jáde, ọkọ̀ á sì máa bá omi sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, pèpéle òkúta kan wà tí omi bò mọ́lẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí omi ń fà, ìdí á jókòó, iwájú á máa rì. Ọkọ̀ tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí tí kò sì sí ẹni tó tètè rí i, ìsàlẹ̀ kòtò ni wọ́n ti máa ń lọ yọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lionel. Òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà ọkọ̀ fún ìsinmi, wọ́n sì ń dúró nísàlẹ̀ kí a jáde kí àwọn lè wọlé. Ó wọ fìlà funfun ti ọ̀gá atukọ̀, oòrùn ti yan ojúgun rẹ̀ méjèèjì pupa. Ó gòkè wá bá mi, kọ́kọ́rọ́ irin tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ṣé kí n bá yín ṣí apá ọ̀hún?"

Mo ní, "Ìyá kọ́, Glenys ni. Ṣí i díẹ̀, kí o dúró. Má tíì ṣí i tán àfi tí mo bá gbọ́wọ́ sókè."

"Kò séwu!" ló wí, ló bá yí i lẹ́ẹ̀kan náà dé òkè pátápátá.

Mo wo Bàbá. Wọ́n na àtàǹpàkò sókè bí wọ́n ti máa ń ṣe, pé kò síyọnu. Wọ́n ti fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí imú rẹ̀ má baà kọ́ ìlẹ̀kùn. Mo ṣí tèmi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń hó nísàlẹ̀.

Averil, ìró ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì ha òkúta. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ìdí ọkọ̀ kò sọ̀ mọ́. Iwájú ń sọ̀, ìdí dúró gbagidi. Kí n tó la ẹnu, gbogbo àwo ilé ìdáná ti fọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

Wilf ké láti inú yàrá iwájú, níbi tó dùbúlẹ̀ sí: "Glenys! Kí lẹ̀ ń dán wò lókè yẹn?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Omi! Omi ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé!"

Mo pariwo sí Bàbá, wọn ò gbọ́. Wọ́n gbá ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mọ́ra bí ẹni dì mọ́ ẹ̀ka igi, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀.

"Lionel! Tì í pa! Ti fèrèsé yẹn pa!"

Ó sáré fi kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ bá yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lu òkúta, ó di inú omi. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo ti tèmi pa. Mo sáré gba orí ìlẹ̀kùn náà kọjá sápá kejì, orí pátákó tí kò fẹ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ, n kò wo ìsàlẹ̀. Mo ní, "Kúrò lọ́nà!" Mo ti tirẹ̀ náà pa. Omi dákẹ́. Ọkọ̀ wá há síbẹ̀, ó dà bí àga tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kán, ẹnu ọ̀nà iwájú ti wọ inú omi dé ìdajì. Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀yìn, tí mo rí ohun tó gbé wa débẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti yọ síta gbangba, ó ṣì ń yí. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń yí sí.

Lionel ti dọ̀bálẹ̀ sí etí kòtò, ó ń nawọ́ sí Bàbá, ó ń tọ́ka sí àkàbà irin tó wà lára ògiri. "Bàbá, ẹ di ibí mú! Ẹ gòkè, ẹ máa bọ̀!"

Bàbá rí ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ké pé, "Ọmọ mi wà nínú!" Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n fìdí yọ̀ lọ sínú òkùnkùn ọkọ̀ náà.

Báyìí, àwọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Mo sáré lọ sí ìlẹ̀kùn òkè. Omi tuntun nìkan ló lè gbé ìdí ọkọ̀ kúrò lórí òkúta, ṣùgbọ́n bó bá ya wọlé jù, á gbá ọkọ̀ mọ́ ògiri. Mo ń yí kọ́kọ́rọ́, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀: díẹ̀díẹ̀, Glenys, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ara mi ń sọ pé kí n ṣí i tán. Lionel sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n ṣe?"

"Fi ọwọ́ rẹ sápò!"

Ó sì fi í sápò lóòótọ́. Omi ń gòkè. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí ohun tó yí padà, àfi iwájú ọkọ̀ tó ń mì. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ kérora, ìdí rẹ̀ gbọ̀n, ó gbéra, ó sì tẹ́jú lórí omi. Mo bẹ́ sórí rẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo wọlé.

Wilf sọ fún ọ pé Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Ṣé ó sọ ohun tí mo bá nínú ọkọ̀ fún ọ? Bàbá jókòó sínú omi, wọ́n fẹ̀yìn ti sítóòfù ilé ìdáná. Wọ́n ti ki apá méjèèjì bọ ọmọ wọn lábẹ́ abíyá, wọ́n ti wọ́ ọ láti orí ibùsùn wá sókè, tòun ti ẹsẹ̀ ẹlẹ́fun náà. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìgúnpá wọn. Àwọn méjèèjì ń mí bí ẹṣin. Bàbá ò fẹ́ tú ọwọ́ wọn sílẹ̀. Èmi ni mo tú u ní ìka kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí a ti gbọ́n omi, tí a sì ti sá bẹ́ẹ̀dì sórí ọgbà àgbẹ̀ kan, Lionel gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì wá. Ó ní òun ni òun jẹ̀bi. Wilf ò tilẹ̀ wò ó. Bàbá ló dojú kọ.

"Bàbá, ẹ ò ní fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn mọ́. Ẹ ti di ewu. Ọ̀dọ̀ Averil lẹ̀ ń lọ."

Bàbá wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Láti ìgbà náà, wọ́n ń lọ jókòó lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún ní ìkọjá afárá, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀. Oúnjẹ tí mo bá gbé lọ, ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́. Èmi náà bínú, n kò purọ́. N kò lè gbàgbé abẹ̀bẹ̀ tó ń yí sẹ́yìn yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé tíì lọ bá wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì pariwo sí wọn létí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń lọ ni?"

Wọ́n ní, "Má pariwo, ìyàwó. Ẹnu rẹ ni mò ń wò."

Wọ́n mu tíì díẹ̀.

"Láti ìgbà òtútù ni n kò ti gbọ́ ọ mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ. Bó bá ń lọ síwájú, gìgísẹ̀ ló ti máa ń gbọ̀n mí. Bó bá ń lọ sẹ́yìn, ọmọ ìka ni. Kò tàn mí jẹ rí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn sí mi. Bàtà tuntun ló wà níbẹ̀, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì. "Bàtà tó dáa ni. Averil ló fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa wọ̀ ọ́ nìyẹn." Lẹ́yìn náà wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú. "Má sọ fún un o. Á sunkún."

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Dárí jì mí, má sì sunkún. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo bi wọ́n ní ìdí tí wọn ò fi sọ fún wa láti ìgbà òtútù. Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni etí mi di. "Bí mo bá sọ, ṣé ẹ ò ní gbé mi lọ sórí ilẹ̀ ni?"

Mo ròyìn rẹ̀ fún Wilf. Ó kọjú sí ògiri. Ohun tó sọ kò ju "Láti ìgbà òtútù?" lọ. Kò tíì yí ọ̀rọ̀ Àbámẹ́ta padà.

Lánàá a ní láti kúrò níbẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ibi so ọkọ̀ wọn. Èmi ni mo tukọ̀. Àwọn ará ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa bá wa ṣí ìlẹ̀kùn. Nígbà tí mo wọ kòtò àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n wá dúró tì mí láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí Wilf má baà rí i lára ọ̀pá. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ojú mi kò kúrò lára ògiri.

Wọ́n ní, "Ó ń fà sẹ́yìn, ìyàwó."

Èmi ò rí i, n kò sì gbọ́ ọ. Mo ti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì síwájú. Nígbà tí mo bojú wo òkúta, ó ku díẹ̀ kó gbá wa mú.

Nítorí náà, máa bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn etí, kí wọ́n lò tó ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ, kí wọ́n fojú kan àwọn ọmọ. Èmi ni n ó máa tukọ̀ láti ìsinsìnyí, mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n dá Bàbá padà fún wa. Mo mọ yàrá tí o tọ́jú sílẹ̀ dè wọ́n, mo ti sùn níbẹ̀ rí, ibùsùn rẹ̀ rọ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọgbà. Àmọ́ ilẹ̀ ilé rẹ kì í gbọ̀n, Averil. Kí ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́ níbẹ̀?

Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún Imogen pé mo ń gbàdúrà fún un. Wilf ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ àti ìyàwó ilé yín,

Glenys.