Káàdì Eyínfúnjowó Tí Kò Ní Òǹtẹ̀

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Kékeré.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi, ìkejì mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti ń gbà wọ́n láyè àtirìn? Ọ̀gá wa tó máa ń na tábìlì bí ẹni na ọ̀lẹ ńkọ́, ṣé ariwo rẹ̀ ti dínkù? Ara mi le, ọkọ mi sì ń kẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń bá wa gbé ni kò jẹ́ kí n mí. Mo kórìíra rẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera kan tó gbé ìwé lọ́wọ́ kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní àwọn ń bi àwọn òbí bóyá ọmọ wọn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù lọ́dún yìí, kí àwọn lè mọ iye ọmọ tó ti gbà á. O rántí ọmọ ọdún mẹ́rin tí mo bá nílé ọkọ, tí ìyá rẹ̀ ti kú. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n wo káàdì rẹ̀. O mọ̀ pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Mo ṣì ń fìka tọ ìlà lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tì mí sẹ́yìn.

"Èmi ni kí ẹ bi. Ìyàwó àná nìyẹn, kò tíì bí nǹkan kan. Ọmọ wa ti gbà á!"

Irọ́ ńlá! Àyè fúlúù ṣófo lórí káàdì, kò sí òǹtẹ̀ kankan. Òun ni wọ́n ní kó gbé ọmọ lọ lóṣù tó kọjá, ilé onídìrí ló yà sí. Bẹ́ẹ̀, fúlúù yìí ló dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo fi káàdì han ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

"Ìwọ náà mọ̀wé ni? Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé wa ò tọ́jú ọmọ?"

Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òótọ́ tó lé e bá. Èmi ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi káàdì han ọkọ mi. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó buwọ́ lùwé àṣẹ pé kí wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́, mo sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ké, ó gbá nọ́ọ̀sì nípàá, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Bí a ti ń bọ̀, mo rí obìnrin oníwèé lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa èsì ilé wa rẹ́. Irọ́ ni. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, òǹtẹ̀ rèé." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti yọrí lójú fèrèsé.

Obìnrin náà ṣí ìwé. "Ẹ ṣeun. Kí ni kí n kọ pé ẹ jẹ́ sí ọmọ?"

Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí o mọ̀, mo gbóhùn sókè kí fèrèsé lè gbọ́: "Ìyá rẹ̀ ni mo jẹ́. Ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Ó ti dọ́jọ́ mẹ́ta báyìí tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò kí mi. Kó má kí mi o, ilé ti tòrò.

Bá mi kí Màmá, kí o sì kí ọ̀gá wa bí inú rẹ̀ bá dùn lọ́jọ́ náà.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀,
Ìyá Eyínfúnjowó.