Ọgbà Tó Hu Ewé

Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kànga Gbígbẹ,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Káfíńtà,

Báwo ni ara? Ìka tí ayùn gé nígbà yẹn ńkọ́, ṣé ó ti jiná pátá? Ṣé dáadáa ni ìyàwó rẹ wà, àti màmá tó ń bá yín gbé? Mo gbà pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Ní tiwa, a dúpẹ́. Gbogbo wa ń jẹ, gbogbo wa ń sùn.

Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ pé mi ò gbé iṣẹ́ ọgbà yẹn fún ọ. Má bínú. Nígbà tí mo ṣírò pákó àti ìṣó, ó ju ohun tí àwọn ọmọ igi tí mo ń tọ́jú láti tà lè mú wọlé lọ́dún kan. Bẹ́ẹ̀ Bàbá Onílẹ̀, tí mo háyà ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn lọ́wọ́ wọn, ti kìlọ̀ pé bí òjò bá fi dáwọ́ dúró tí mi ò tíì sọgbà yí i ká, àwọn máa gbé e fún ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ìjà èmi àti àwọn aládùúgbò lórí ewúrẹ́ tó ń wọlé jẹ irúgbìn mi ti sú wọn.

Ṣé o rántí igi ọ̀dán tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ? Ẹyẹ ló yàgbẹ́ èso rẹ̀ sórí ọ̀pẹ. Ó hù lókè níbẹ̀, ó ń na gbòǹgbò wálẹ̀ títí tó fi yí ọ̀pẹ ká bí ẹni ń fi okùn di ẹrù. Ọ̀pẹ ti kú sínú rẹ̀, ọ̀dán ò tiẹ̀ mọ̀. Mo ní igi tó lágídí tó báyìí, tó tún jẹ́ ọ̀fẹ́, òun gan-an ni mò ń wá. Mo gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn tó apá, mo tò wọ́n sí ìbòòji kí oje funfun wọn gbẹ, torí bí a bá rì wọ́n ní tútù, jíjẹrà ni wọ́n máa jẹrà.

Àna mi tó jẹ́ bíríkìlà wá ràn mí lọ́wọ́. O kúkú mọ bíríkìlà, gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ gún. Kí n tó pọnmi dé, ó ti fi ayùn gé orí àti ìdí gbogbo wọn dọ́gba, a ò sì mọ èwo ni òkè mọ́! Bẹ́ẹ̀, igi tí a bá dorí rẹ̀ kodò rì kì í hù. Mo figbe ta. Ó ní, "Igi ni igi ń jẹ́. Àbí fìlà ló fẹ́ dé ni?" Mo jókòó, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ewé bá ti já, àpá máa ń wà níbẹ̀, òkè àpá náà sì ni ewé tuntun ti ń yọjú. Bí mo ṣe mọ orí wọn nìyẹn. A rì wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ ò ráyè kọjá.

Kí òjò tó dáwọ́ dúró, gbogbo òpó ti hu ewé. Mo bá ránṣẹ́ pe Bàbá Onílẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n di òpó kan mú, wọ́n fà á, kò mì. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ojú wọn yí padà.

"Ọgbà ni mo ní kí o ṣe, ìwọ wá gbin igi! Ayálẹ̀ wo ló ń gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀? Tó bá dọ̀la, o máa ní ilẹ̀ ti di tìẹ."

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò rò ó débẹ̀. Owó pákó nìkan ni mo rò. Ìyàwó mi ń wò mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Mo ní, "Bàbá, tiyín ni ilẹ̀, tiyín ni igi, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ bí a ò bá ń gé ọ̀dán, gbòǹgbò rẹ̀ á wá ògiri ilé yín lọ. Ṣé ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló máa máa gé e fún yín?"

Wọ́n wo ògiri ilé wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti fi mí sẹ́wọ̀n lórí ilẹ̀ mi!"

Wọ́n fi ọdún márùn-ún kún àdéhùn wa, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó ilẹ̀. Gígé tí màá máa gé igi ló dípò àfikún owó. Ó ku ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà. Tìrẹ nìyẹn, wá wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí owó rẹ mọ níwọ̀n.

O mọ ìyàwó mi, kì í gbin ju ohun tó lè wà nínú ìkòkò, tí a lè gbé sá. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá, ó gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbin ọsàn.

Bá mi kí màmá àti ìyàwó rẹ dáadáa.

Èmi ni tìrẹ tí kì í yí padà,
Ahun, bí o ṣe máa ń pè mí.