Ìyá Oníbàtà, Tó Gé Rọ́bà fún Ẹ́ńjìnnì

Ọdún 1949 ni wọ́n bí ìyá wa sí ilé oníbàtà. Oníbàtà ni bàbá wọn, oníbàtà ni bàbá tó bí bàbá wọn. Màmá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìdí bẹ́ǹṣì bàbá wọn ni ọkàn wọn wà.

Ní ọdún 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan, tó di bàbá wa, ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n rí rà kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Síìtì rẹ̀, ìyẹn ìjókòó onírọ́bà tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ara lé, kò bá ojú ihò ara ọkọ̀ mu. Bàbá bá jó irin mọ́ irin, wọ́n dè é pinpin. Bí wọ́n ṣe sítáàtì rẹ̀, ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Inú bí awakọ̀ tó ni ín, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò dáa, òun á wá mẹkáníìkì mìíràn. Iṣẹ́ tí bàbá kọ́kọ́ dá gbà sì nìyẹn!

Bàbá wá rọ́bà táyà dé ṣọ́ọ̀bù oníbàtà tí màmá ti ń bá bàbá wọn ṣiṣẹ́. Màmá wò wọ́n tòkè-tilẹ̀. "Irú ẹsẹ̀ wo lẹ ní, tí ẹ fi ń wá èyí tó nípọn tó báyìí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ wọ bàtà fún."

Màmá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n tẹ̀ lé bàbá. Wọ́n fọwọ́ kan irin náà, wọ́n ní, "Ẹ ò fún un láyè láti mí."

Bàbá gé irin tuntun, wọ́n lu ihò rẹ̀ síbi tó yẹ. Màmá gé rọ́bà sáàárín irin àti ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń dín in díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tún dún, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá ò wo ọkọ̀ mọ́. Màmá ni wọ́n ń wò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó. Òórùn gọ́ọ̀mù àti ọ́ìlì ló kún ilé tí a dàgbà sí, tí a bá ti gbóòórùn rẹ̀ níbikíbi, ilé ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Màmá kì í pa àdúrà òwúrọ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbowó bàtà lọ́wọ́ ọmọ tí kò lóbìí.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, wọ́n sùn, wọn ò jí mọ́. Ọkọ, ọmọ mẹ́rin àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ ló gbẹ̀yìn wọn. Bàbá ní kí a má ṣe kọ ọ́ pé màmá fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ pé màmá ṣáájú.

Ẹ sùn re o, Màmá. Kí ilẹ̀ dẹ̀ yín lára.