Ọta Àgbọ̀nrín Kò Ká Béárì

Bàbá mi, èmi Lyle ọmọ yín ni. Ara mi le koko ní erékùṣù Kodiak níbí. Ìjókòó ojú kan nìkan ló sú mi.

Àríyànjiyàn wa ti parí. Mo ní apá ọta fúyẹ́fúyẹ́ tí mo fi ń pa àgbọ̀nrín nílé yóò ká béárì, torí kì í gbá èjìká. Ẹ ní, "Ọ̀lẹ! Ọta wúwo ló ń fọ́ egungun béárì."

Mo yin ọta mi, ó ba béárì kan o, àmọ́ ẹranko náà kò ṣubú. Ó sá wọgbó. Wendell tó ń ṣamọ̀nà mi ní, "Jókòó, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà tán ná." Ẹ sáà mọ̀ mí: mo dìde, mo tọpa ẹ̀jẹ̀ lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì ibí ń pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ bá mi kí Màmá. Ibọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń hun fún mi, ẹ sọ fún wọn pé ẹyọ kan ti tó.