Kí Fóònù Bàbá Má Baà Kú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi wú.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni fóònù wọn ti kú. Obìnrin inú fóònù yẹn ń fi ohùn dídùn sọ fún mi pé mi ò lè rí ẹni tí mò ń pè bá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń kí mi kú oríire. Ọkàn mi ò balẹ̀ nílé ìtẹ̀wé. Mo gé ìwé wọ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá Nísinsìnyí pariwo lé mi lórí — orúkọ tí mo fún un nìyẹn, gbogbo nǹkan tirẹ̀ nísinsìnyí, nísinsìnyí. Láàárọ̀ yìí mo wọ ọkọ̀ méjì. Láti ìgbà tí Màámi ti ṣaláìsí, Bàbá nìkan ló wà nínú yàrá méjì yẹn, mo sì ń ro ohun tí èèyàn kì í rò sí òbí rẹ̀.

Mo débẹ̀. Bàbá jókòó síta, wọ́n ń bó ọsàn.

"Kò sí láburú o?" Bí ẹni pé èmi ni mo sọnù!

Iná ò sí ládùúgbò wọn. Wọn ò sì wá ibi tí wọ́n á ti ṣáàjì. A ta dírááfù lórí pátákó tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kùn nígbà tí wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n nà mí títí, ẹ̀rín wọn dé eyín ẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Bí fóònù yẹn bá ti kú báyìí, Sátidé mi ti lọ nìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Mo ra páwà báńkì. Ẹnu ẹni tó tà á dùn ju oyin lọ: "Àǹtí, èyí á jí fóònù dìde kúrò nínú òkú lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó rẹ òun fúnra rẹ̀." Ó wúwo bí bíríkì. Bíríkì lorúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbé Bíríkì lọ. Mo kọ́ Bàbá: bí iná bá wà, ẹ ki Bíríkì bọ ihò iná lára ògiri, ẹ jẹ́ kó mu iná yó. Bí iná bá lọ, ẹ ki fóònù bọ òun náà lára. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì ín, bí ẹni ń wò bóyá ẹyin ti bàjẹ́.

"Iná wà nínú nǹkan yìí?"

Mo ní ó wà níbẹ̀.

"Kò dún."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "O ò ní máa wá mọ́ nìyẹn." Wọn ò sọ ọ́ bí ìbéèrè. Mo ní ẹ̀yin náà, ẹ tún ti dé, ṣebí kí ọkàn mi lè balẹ̀ ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tẹ́ pátákó dírááfù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti fẹ́ wọ́n, mo dìde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Bíríkì ń ṣiṣẹ́! Mo pè, Bàbá gbé e lójú ẹsẹ̀. Ohùn wọn já gaara.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò lọ. Iléèwé fẹ́ wọlé, ìwé àwọn ọmọ iléèwé ń ya lé wa lórí bí omi. Mo pe Bàbá dípò. Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ — ṣé ẹ jẹun, mo jẹun, ṣé ara le, ara le, ó dàbọ̀. Mo fọṣọ. Mo sùn lọ́sàn-án. Oorun ọ̀sán! Mo ti gbàgbé adùn rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò lọ. Bàbá bi mí, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Mo ní bóyá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Fóònù Bàbá tún ti kú, láti àná. Pẹ̀lú Bíríkì! Àbí ara wọn ni ò yá?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Inú ń bí mi débi pé bírò ń ya ìwé.

Mo tọrọ àyè. Ọ̀gá Nísinsìnyí ní kí n mọ̀ pé èèyàn púpọ̀ ló ń wá irú iṣẹ́ mi. Mo lọ. Bàbá jókòó síta, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́. Pátákó dírááfù wà lórí àpótí, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nípò. Ẹni tó ń retí àlejò.

Bíríkì dà? Wọ́n wòkè, wọ́n wolẹ̀. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sílé wọn ló dáhùn. Bíríkì wà lórí tábìlì rẹ̀, fóònù tirẹ̀ ló ń mu iná nínú rẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Bàbá ló ní kí n máa lò ó. Wọ́n ní bí fóònù àwọn bá wà láàyè, ẹ ò ní wá. Àfi kó kú kí ẹ tó yọjú." Àwọn tó wá gẹrun bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n jókòó, kí n ta dírááfù kan, ẹyọ kan péré. Kàkà bẹ́ẹ̀ mo já Bíríkì gbà, mo sì gbóhùn sókè lójú gbogbo wọn: "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni? Ẹ gbọ́ o, bí fóònù yín bá tún kú, mi ò ní wá. Kó kú síbẹ̀!"

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá wí. Wọ́n rọra gba Bíríkì lọ́wọ́ mi. Wọ́n sìn mí dé ibi tí mo ti ń wọkọ̀, wọ́n bá mi gbé báàgì. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi ṣí. Wọ́n juwọ́ sí mi. Mi ò juwọ́ padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Bàbá pè ní kùtùkùtù. "Fóònù wà láàyè o." Wọ́n gé e. Wọ́n tún pè nírọ̀lẹ́. "Ó ṣì wà láàyè." Wọ́n tún gé e. Bí ọmọ iléèwé tó ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó yẹ kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lọ. Ìtìjú ni, mo kàn ń pè é ní iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

"Fóònù wà láàyè o." Mo yára ní, Bàbá, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Wọ́n ní rárá, kí bátìrì má baà tán, iná ò sí níbí láti ìjẹta, Bíríkì náà ti fẹ́ gbẹ. Wọ́n gé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Fóònù ti kú. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì

Ó ṣì kú. Mi ò lè bì kí n tún kó o jẹ. Bí mo bá sáré lọ lónìí, bí a ó ṣe máa bá a lọ nìyẹn. Mo fẹ́ pe onígbàjámọ̀ — mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo lílọ-bíbọ̀ mi, mi ò bi í rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Ọkàn mi kọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá lọ, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Ilẹ̀kùn wà ní títì. Onígbàjámọ̀ rí mi, ẹnu yà á. "Bàbá ṣebí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín? Ọjọ́ Ajé ni mo ti rí wọn gbẹ̀yìn. Mo rò pé ẹ wá mú wọn ni."

Ó rántí pé òjò ń rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá bi í níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà, torí tirẹ̀ ò ní epo. Ó júwe ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìgbàlódé, ẹni tó ń jó irin lójú títì, fún wọn. Wọ́n di fóònù àti Bíríkì sínú ọ̀rá, wọ́n sì lọ. Àwa méjèèjì sáré débẹ̀. Ajórin ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá àgbàlagbà kan yọ̀ ṣubú sínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, ẹsẹ̀ ṣẹ́, àwọn èrò ló gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba.

Nọ́ọ̀sì wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni bàbá yìí? A ti wá èèyàn wọn títí. Fóònù wọn mu omi, wọn ò sì mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí."

Láti ọjọ́ Ajé. Èmi sì ń sọ pé wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rí mi. Wọn ò sọ ti ẹsẹ̀, wọn ò sọ ti ìrora. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni, "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á o. Mo ń gbé e lọ ṣáàjì ni."

Mi ò lè kọ̀wé mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Egungun itan ló ṣẹ́. Wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ta ló ń bínú sí ọ?" Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Nísinsìnyí pé mi ò ní lè wá títí Bàbá yóò fi kúrò ní ọsibítù, bó bá fẹ́ kó gba ẹlòmíràn. Mo ti múra ìjà. Ó ní, "Lọ tọ́jú bàbá rẹ. Nísinsìnyí." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Kí ló dé tí mi ò fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Iṣẹ́ abẹ yọrí. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ìrìn odidi ọjọ́ kan. Òun náà pe fóònù Bàbá, kò lọ. Ó rò pé èmi mọ̀ sí i. Kò dá mi lẹ́bi. Àwa méjì péré ni Bàbá bí, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó mọ ibi tí wọ́n wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọ̀la ni wọ́n máa dá Bàbá sílẹ̀. Mo ti palẹ̀ yàrá mi mọ́, mo ti yá bẹ́ẹ̀dì tó ga tí kò ní fa itan wọn. Mo sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ mi là ń lọ.

Wọ́n ní àwọn ti bá Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ń bá lọ, èèyàn kì í tán nílé rẹ̀. Mo ní bí tìtorí iṣẹ́ mi ni, iṣẹ́ kọ́ ló ṣe pàtàkì.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó. Mi ò fẹ́ jókòó síta mọ́, kí n máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá."

Wọn ò bínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Mo wo ojú fèrèsé títí nọ́ọ̀sì fi ní àkókò àbẹ̀wò ti parí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ti lọ. A tẹ́ wọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ìrọ̀rí méjì lábẹ́ itan. Bàbá súre fún mi títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo juwọ́ títí apá fi ro mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ kó ìyókù ẹrù Bàbá, kí n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Onílé ti mú àwọn tó fẹ́ gba yàrá wá: ọkọ, ìyàwó, ọmọ jòjòló lẹ́yìn. Ìyàwó lajú wo gbogbo igun. Ó wá yíjú sí mi, ó fọ̀wọ̀ bi mí:

"Ẹ̀gbọ́n, bí òjò bá rọ̀, ṣé omi kì í wọlé?"

Mi ò mọ̀.

Onígbàjámọ̀, tó ń bá mi gbé àga, ló dáhùn. "Ó máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn. Bó bá pọ̀, orí àga ni Bàbá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé sùn ní pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ó wò mí. "Wọn ò sọ fún yín?"

Bóyá wọ́n sọ. Bóyá wọ́n fẹ́ sọ, mo ní ọkọ̀ ti fẹ́ wọ́n.

Mo sọ fún ìyàwó náà pé bẹ́ẹ̀ ni, yàrá ẹ̀yìn ni, kó má tẹ́ ọmọ síbẹ̀. Mo fún onílé ní kọ́kọ́rọ́.